Ìwo Àgbọ̀nrín Mẹ́ta: Àsíá àti Ìdílé Ọba Ilẹ̀ Württemberg

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a kọ́ ìtàn Ìjọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mọ orúkọ Àlùfáà David Hinderer, ẹni tí ó mú Ìyìn Rere dé Ìbàdàn ní ọdún 1851, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Anna sì padà wá fi ìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní 1853. Bẹ́ẹ̀ náà ni a mọ Àlùfáà C. A. Gollmer, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 pẹ̀lú Henry Townsend àti Samuel Àjàyí Crowther. Nítorí pé Ẹgbẹ́ C.M.S. ti Lọ́ńdọ́nù ni ó rán wọn, a máa ń ka àwọn méjèèjì mọ́ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ìlú Schorndorf ni Hinderer, ọmọ ìlú Kirchheim ni Gollmer, ìlú méjèèjì sì wà lábẹ́ ìjọba kan náà ní gúúsù ilẹ̀ Jámánì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Württemberg. Bí ẹ bá wá ìjọba náà lórí àwòrán ayé lónìí, ẹ kò ní rí i.

Ìdílé kan ṣoṣo ni ó ṣe olórí ilẹ̀ yìí fún ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí onílé-olódi kékeré, wọ́n di Díúkù, wọ́n di ọba, nígbà tí ó sì di ọdún 1918 wọ́n di ará ìlú bí gbogbo ènìyàn. Ní gbogbo àkókò náà ni àwọn àmì ara asà wọn àti àwọ̀ àsíá wọn ń yí padà. Èmi yóò fi àwọn àmì wọ̀nyí ṣe ọ̀nà tí a ó gbà tọ ìtàn náà, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí mo fẹ́ kí a kíyè sí. Ọba ni ó ń yan àsíá. Ṣùgbọ́n ní Württemberg àwọn ará ìlú ní ohun tiwọn tí wọ́n fi ń dá ọba lóhùn, èyíinì ni ìwé àdéhùn.

Orí òkè kékeré kan lẹ́bàá odò Neckar, níbi tí kò jìnnà sí Stuttgart, ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wirtemberg ni orúkọ òkè náà. Ní ọdún 1083 ni a ya ilé àdúrà inú ilé-olódi orí rẹ̀ sí mímọ́, Konrad tí ó ni ilé náà sì fi orúkọ òkè ṣe orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀rúndún kẹtàlá, àmì ìdílé náà ti hàn lára èdìdì tí wọ́n fi ń tẹ ìwé: ìwo àgbọ̀nrín mẹ́ta, dúdú lórí wúrà, tí a tò lé ara wọn. Jagunjagun ayé ìgbà náà a máa fi àṣíborí irin bo gbogbo ojú, ọ̀rẹ́ kò sì lè dá ọ̀rẹ́ mọ̀ lójú ogun bí kò ṣe nípa àwòrán ara asà. Ohun tí ilà ojú ń ṣe fún àwọn baba wa lójú ogun ni asà kíkùn ń ṣe fún wọn. Nígbà tí a bá ya àwọ̀ asà náà sára aṣọ, tí a sì gbé e kọ́ sórí ọ̀kọ̀, ó di ọ̀págun. Láti ara ọ̀págun ni àsíá òde òní ti wá.

Bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ ìdílé ọlọ́lá, ogún pípín fẹ́rẹ̀ẹ́ ba tiwọn jẹ́. Ní ọdún 1442 ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan pín ilẹ̀ náà sí méjì, ọ̀kan jókòó sí Stuttgart, èkejì sí Urach. Ogójì ọdún kọjá kí Eberhard, tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n, tó so ó pọ̀ padà nípa àdéhùn Münsingen ti 1482, tí ó sọ pé a kò gbọdọ̀ pín in mọ́ láéláé. Eberhard yìí ti lọ sí Jerúsálẹ́mù gẹ́gẹ́ bí arìnrìn-àjò mímọ́ ní 1468. Ní 1477 ó dá Yunifásítì Tübingen sílẹ̀, tí ó ṣì wà títí di òní. Bí a ti ń yìn ín, a kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ kan pamọ́: ọkùnrin yìí kan náà ni ó lé àwọn Júù kúrò ní Tübingen, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe gbé ní ilẹ̀ òun mọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 1495, ní ìlú Worms, Ọba Maximilian sọ ọ́ di Díúkù.

Asà tuntun ti Díúkù pín sí ìpín mẹ́rin, ó sì dára kí a kà á bí ẹni ń ka ìwé. Ìwo àgbọ̀nrín wà nínú ọ̀kan. Nínú òmíràn ni igun mẹ́rin-mẹ́rin dúdú àti wúrà wà, tí wọ́n dà bí àmì dáyámọ́ǹdì ara káàdì: ti Teck ni èyí, ilé-olódi tí ó wà lórí òkè tí ó ga ju ìlú Kirchheim lọ, ìlú Gollmer wa. Díúkù ni àwọn ìdílé Teck jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí, ṣùgbọ́n òṣì mú wọn, wọ́n sì ta ilẹ̀ wọn fún àwọn ará Württemberg ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Nígbà tí ìdílé náà kú tán, ẹni tí ó ra ilẹ̀ gba oyè mọ́ ọn. Nínú ìpín míràn ni ẹja wúrà méjì wà lórí pupa, tí wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ara wọn. Obìnrin ni ó mú ẹja wọ̀nyí wá. Henriette ni orúkọ rẹ̀, àrólé ilẹ̀ Mömpelgard tí ó wà nínú ilẹ̀ Faransé lónìí. Ó fẹ́ ọmọ ìdílé Württemberg, nígbà tí ọkọ rẹ̀ sì kú ní 1419, ó bá àwọn ọmọ rẹ̀ kéékèèké ṣe àkóso. Nípa rẹ̀ ni àwọn tí ń sọ èdè Faransé fi wà lábẹ́ ìdílé Jámánì kan títí di ìgbà ìyípadà ńlá ti ilẹ̀ Faransé.

Ìpín tí ó kù ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sẹ́yìn, nítorí àsíá ni ó wà nínú rẹ̀: àsíá wúrà tí a ya idì dúdú sí, lórí ọ̀kọ̀. Ọ̀págun ogun ti Ilẹ̀ Ọba Mímọ́ ti Róòmù ni èyí, tí a ń gbé ṣáájú nígbà tí olú-ọba bá kọlu ọ̀tá. Ní ọdún 1336 ni Olú-ọba Ludwig fi ìlú Gröningen àti ẹ̀tọ́ gbígbé ọ̀págun náà jíǹkí Ulrich ti Württemberg. Iṣẹ́ tí ó léwu ni, nítorí ojú ọ̀pagun ni gbogbo ọ̀tá ń wò. Ṣùgbọ́n ọlá rẹ̀ pọ̀ débi pé nígbà tí olórí ilẹ̀ Hanover gba oyè ńlá ní 1692, tí wọ́n sì fẹ́ fi oyè agbọ́págun kún un, àwọn ará Württemberg pariwo títí wọ́n fi wá oyè míràn fún un. (Ìdílé Hanover yìí ni ó wá jọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, àwọn ni baba ńlá Ọbabìnrin Victoria.) Ní ilẹ̀ tiwa náà, a mọ ohun tí oyè lè dá sílẹ̀ láàrin àwọn tí kò jẹ ara wọn ní gbèsè kankan.

Eberhard kú ní ọdún kejì tí ó di Díúkù, kò sì fi àrólé sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ tẹ̀lé e kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́. Báyìí ni oyè ṣe bọ́ sọ́wọ́ Ulrich ní 1498, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 11. Ó dàgbà di onínàákúnàá. Nígbà tí gbèsè bò ó mọ́lẹ̀, ó ta ọgbọ́n kan: dípò kí ó kéde owó-orí tuntun ní gbangba, ó dín òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ẹran, ìyẹ̀fun àti wáìnì kù, iye owó wọn kò sì yí padà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìwé Òwe mọ ohun tí Sólómọ́nì wí nípa òṣùwọ̀n èké. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1514, ọkùnrin kan láti Beutelsbach, tí ń jẹ́ Peter Gais, gbé àwọn òṣùwọ̀n tuntun náà lọ sí odò Rems láti fi omi dán wọn wò, bí wọ́n ti ń fi omi dán ẹni tí a fẹ̀sùn kàn wò láyé ìgbà náà. Ó ní bí òṣùwọ̀n bá léfòó, Díúkù ni ó jàre. Bí ó bá rì, àgbẹ̀ ni ó jàre. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí òṣùwọ̀n ń ṣe nínú omi.

Odò Rems yìí ni ó ṣàn kọjá ní Schorndorf, ìlú Hinderer, Schorndorf sì di ọ̀kan nínú ibùdó ìrúkèrúdò tí ó tẹ̀lé e. Konrad Òtòṣì ni àwọn àgbẹ̀ náà pe ara wọn. Ẹ̀rù ba Ulrich, ó sì pe àwọn ọlọ́rọ̀ àti àwọn gbajúmọ̀ ìlú jọ sí Tübingen. Ní ọjọ́ 8 oṣù keje, wọ́n ṣe àdéhùn: àwọn aṣojú ìlú yóò san gbèsè rẹ̀, tí ó lé ní 900,000 owó gulden, òun náà sì fọwọ́ sí i pé òun kò ní jagun láìbá wọn gbìmọ̀, pé a kò ní fi ìyà ikú tàbí ìyà tí ó kan ara jẹ ẹnikẹ́ni láìṣe ẹjọ́ rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò ní ilẹ̀ náà lè lọ ní òmìnira. Àwọn àgbẹ̀ kò ní àga nínú ìpàdé náà. Wọ́n bẹ́ orí àwọn aṣáájú wọn ní Schorndorf àti Stuttgart kí oṣù kẹjọ tó parí. Nítorí náà èmi kò lè bá àwọn tí ń pe Àdéhùn Tübingen ní ìwé òmìnira ṣe àṣeyọ̀jù. Àwọn tí ó jà fún un kọ́ ni ó jẹ èrè rẹ̀. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọ, Díúkù tí ó bá jẹ ní Württemberg ní láti fi ọwọ́ sí ìwé yìí, àwọn ará ìlú sì mọ ohun tí wọ́n lè tọ́ka sí nígbà tí ó bá ṣẹ̀.

Ulrich kò yí padà. Ní 1515 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa Hans von Hutten, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè rẹ̀, nínú igbó. Ní 1519 ó kọlu ìlú Reutlingen tí kò sí lábẹ́ rẹ̀, àwọn ìlú àti ìjòyè agbègbè náà sì para pọ̀ lé e jáde. Ìdílé Habsburg ti Austria gba ilẹ̀ náà títí di 1534, nígbà tí Philip ti Hesse ràn án lọ́wọ́ láti ṣẹ́gun ní Lauffen. Ó padà dé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti gba ẹ̀kọ́ Luther, ó sì mú Àtúnṣe Ìsìn wọ ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà Olúwa kò ṣeé wádìí: ọwọ́ tí ó pa Hutten ni ó ṣílẹ̀kùn fún Ìyìn Rere.

Ọmọ rẹ̀ Christoph, tí ó jẹ láti 1550 sí 1568, sàn jù ú lọ fíìfíì. Òun àti oníwàásù Johannes Brenz ni wọ́n ṣe ètò Ìjọ ti ọdún 1559. Apá yìí nínú ìtàn ni mo fẹ́ràn jù lọ, mo sì rò pé ó yẹ ìwé ìrántí ilé-ẹ̀kọ́. Nígbà tí àwọn ọba míràn ń kó ilẹ̀ àti ilé àwọn mọ́ńkì sínú àpò ara wọn, Christoph sọ púpọ̀ nínú tirẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́: Maulbronn, Blaubeuren, Bebenhausen àti àwọn míràn. A ń fi ìdánwò yan ọmọkùnrin tí orí rẹ̀ pé, a ń bọ́ ọ, a ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn náà a ń rán an lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Tübingen kí ó lè di àlùfáà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Johannes Kepler, tí a bí ní 1571. Bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ-ogun tí ń fi owó jà fún ẹni tí ó bá gbà á síṣẹ́. Maulbronn àti Tübingen kọ́ ọmọ náà láti di àlùfáà, ṣùgbọ́n òun ni ó fi òfin tí àwọn ìṣọ̀gbé fi ń yí oòrùn ká han aráyé. Bí kò bá sí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Ìjọ dá sílẹ̀, n kò mọ ibi tí ọmọ jagunjagun aláìní yóò ti rí Látìn àti ìṣirò kọ́.

Ọ̀rúndún kẹtàdínlógún kò fún ilẹ̀ náà ní ìsinmi. Lẹ́yìn ìjà Nördlingen ní 1634, ogun, ìyàn àti àjàkálẹ̀-àrùn pa ènìyàn lọ bí eṣinṣin, Díúkù fúnra rẹ̀ sì sá lọ sí Strasbourg. Ohun kan tí n kò lè fò kọjá, nítorí àwọn ìyá àti àwọn arábìnrin wa, ni ti 1688. Nígbà tí ọmọ-ogun Faransé dé iwájú Schorndorf, tí àwọn ọkùnrin ìgbìmọ̀ ìlú sì ń múra láti jọ̀wọ́ ìlú, Barbara Walch, ìyàwó olórí ìlú náà, kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ká ìgbìmọ̀ mọ́ inú gbọ̀ngàn, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kankan. Schorndorf kò bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Ní 1733 ni ìdánwò ìgbàgbọ́ dé. Díúkù kú láìní àrólé, oyè sì kan Carl Alexander, ajagun tí ó ti wọ Ìjọ Àgùdà ní 1712 nígbà tí ó ń sìn olú-ọba ní Austria. Láyé ìgbà náà, ìsìn olórí ni a sábà máa ń retí kí ará ìlú máa sìn. Àwọn aṣojú ilẹ̀ Württemberg kò gbé ìdà. Ìwé ni wọ́n tún gbé síwájú rẹ̀: ó fọwọ́ sí i pé òun kò ní fọwọ́ kan Ìjọ, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ohun-ìní rẹ̀, àti pé ìgbìmọ̀ àwọn onígbàgbọ́ Lútérù ni yóò máa ṣe àkóso Ìjọ dípò Díúkù. Fún ọdún tí ó lé ní 60 ni àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà fi jẹ Díúkù lórí àwọn ará Lútérù, Ìjọ kò sì mì. Mo fẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo fún ìgbà náà pẹ̀lú: nígbà tí Carl Alexander kú ní 1737, Joseph Süß Oppenheimer, Júù tí ó ń bá a wá owó, ni wọ́n mú, tí wọ́n sì so kọ́ ní 1738. Ẹ̀ṣẹ̀ Díúkù ni wọ́n dì lé e lórí.

Ọmọ rẹ̀, Carl Eugen, tún ná owó bí omi, ó sì ń gba owó-orí láìbèèrè. Agbẹjọ́rò àwọn aṣojú ìlú, Johann Jakob Moser, onígbàgbọ́ tòótọ́ tí ó kọ orin ìsìn púpọ̀, kò yé fi ìwé àtijọ́ hàn án. Ní 1759 Díúkù jù ú sínú túbú ní orí òkè Hohentwiel, láìṣe ẹjọ́ rẹ̀, èyí tí àdéhùn 1514 kọ̀. Ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn aṣojú gbé ẹjọ́ náà dé ilé-ẹjọ́ olú-ọba, àwọn ọba Prussia, Denmark àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì wọ́n lẹ́yìn, ní 1770 sì ni Díúkù fọwọ́ sí àdéhùn tuntun tí ó fi ìdí àwọn ẹ̀tọ́ àtijọ́ múlẹ̀.

Ẹni tí ó fa ìwé náà ya ni Friedrich, tí ó jẹ ní 1797. Ó fẹ́ ọmọ Ọba George Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì bá Napoleon dọ́rẹ̀ẹ́. Ọ̀rẹ́ náà sọ ilẹ̀ rẹ̀ di ńlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1806 sì ni ó pe ara rẹ̀ ní ọba. Ní àkókò kan náà ni ó fagi lé ẹ̀tọ́ àwọn aṣojú ìlú. Ọ̀rẹ́ Napoleon ní iye tirẹ̀: nǹkan bí 16,000 ọmọkùnrin Württemberg ni ó bá a lọ sí Rọ́ṣíà ní 1812. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún díẹ̀ ni ó padà wálé.

Ọmọ rẹ̀, Wilhelm Kìíní, gorí ìtẹ́ ní 1816, ọdún tí kò sí ẹ̀ẹ̀rùn ní Yúróòpù. Òkè Tambora, ní ibi tí a ń pè ní Indonesia lónìí, ti bú gbàmù ní 1815, eérú rẹ̀ sì dí oòrùn lọ́wọ́. Ìrẹ̀ kò gbó, ìyàn mú. Ìyàwó ọba, Katharina, àbúrò ọba Rọ́ṣíà, dá ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ náà, ó dá ilé ìfowópamọ́ sílẹ̀ fún àwọn aláìní, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Stuttgart. Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní 1819, ọmọ 30 ọdún. Ọkọ rẹ̀ wó ilé-olódi àtijọ́ orí òkè Wirtemberg, orírun gbogbo ìdílé náà, ó sì kọ́ ilé ìsìnkú sórí rẹ̀ fún un.

Ọba yìí ni ó fún ilẹ̀ náà ní àsíá tí àwọn míṣọ́nnárì wa mọ̀: dúdú lókè, pupa nísàlẹ̀. Asà onípín púpọ̀ ti lọ. Ó fi ohun méjì péré rọ́pò rẹ̀ lórí wúrà, ìwo àgbọ̀nrín mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kan, kìnnìún dúdú mẹ́ta ti àwọn ọba Hohenstaufen àtijọ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Àtẹ́lẹsẹ̀ kìnnìún kọ̀ọ̀kan tí ó nà síwájú pupa. Wọ́n ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ Konradin ni, ìkẹ́yìn àwọn Hohenstaufen, tí wọ́n bẹ́ lórí ní Naples ní 1268. Ní 1819 Wilhelm fọwọ́ sí ìwé òfin ìlú, tí òun àti àwọn aṣojú jọ fẹnu kò lé lórí. Ohun tí baba fà ya ni ọmọ tún lẹ̀.

Lábẹ́ àsíá dúdú àti pupa yìí ni àwọn onígbàgbọ́ tí ń péjọ sí ilé ara wọn fún Bíbélì ti gbilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìjọba ti fi ìfura wò wọ́n, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1743 ti fún wọn láyè. Nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Rọ́ṣíà, ọba jẹ́ kí wọ́n dá ìlú Korntal sílẹ̀ ní 1819, níbi tí wọn yóò ti máa sin Ọlọ́run bí wọ́n ti fẹ́. Àwọn bí wọ̀nyí ni ó ń fi owó àti ọmọ ṣètìlẹ́yìn fún ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì tí a dá sílẹ̀ ní Basel ní 1815, C.M.S. sì gba púpọ̀ nínú àwọn tí ó jáde níbẹ̀, nítorí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fẹ́ wá sí Áfíríkà kò tó. Gollmer gba ibẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni J. F. Schön, tí ó bá Crowther rin ìrìn-àjò odò Ọya ní 1841, jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Baden, aládùúgbò Württemberg. Kò sí ọba Württemberg tí ó rán Hinderer sí Ìbàdàn, kò sì rí àsíá rẹ̀ gbé wá.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Teck díẹ̀. Díúkù Alexander, ọmọ ìdílé Württemberg, fẹ́ Claudine Rhédey, tí ìdílé rẹ̀ kò tó ti ọba. Nítorí èyí, àwọn ọmọ wọn kò lè jẹ́ orúkọ Württemberg. Oyè Teck ni wọ́n fi tù wọ́n nínú. Ọmọ-ọmọ wọn ni Mary, tí ó di ìyàwó Ọba George Karùn-ún, ìyá àgbà Ọbabìnrin Elizabeth Kejì. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ tò sí ẹ̀bá títì, tí ẹ ju àsíá kéékèèké fún un nígbà tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1956, ọmọ ìdílé ìwo àgbọ̀nrín ni ẹ̀ ń kí, àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí kò tó.

Ọba ìkẹ́yìn ni Wilhelm Kejì, tí ó jẹ ní 1891. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ti kú ní kékeré, ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ sì tẹ̀lé ọmọ náà ní 1882. Kò gbé inú ààfin ńlá; ilé tí ó kéré jù ú, Wilhelmspalais, ni ó fi ṣe ibùgbé, a sì máa fa ajá rẹ̀ méjì rìn ní ìgboro Stuttgart, àwọn ènìyàn a sì kí i bí ẹni kí aládùúgbò. Ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1918, nígbà tí Jámánì ti pàdánù ogun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ya wọ ilé náà, wọ́n sọ àsíá ọba kalẹ̀, wọ́n fa àsíá pupa ti ìṣọ̀tẹ̀ sókè. Ọba ti pàṣẹ pé kí a má ṣe ta ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nítorí òun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó kúrò lọ sí Bebenhausen, ilé àwọn mọ́ńkì tí Christoph ti sọ di ilé-ẹ̀kọ́ nígbà kan rí. Ní ọjọ́ 30 oṣù náà ó fi ìtẹ́ sílẹ̀. Kò tún fi ẹsẹ̀ tẹ Stuttgart mọ́. Ó lè dárí ji àwọn tí ó gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n pé kò sí ará Stuttgart kan tí ó dúró ti àsíá náà dùn ún wọ eegun. Nígbà tí ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1921, tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ sí Ludwigsburg kí wọ́n lè sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, wọ́n yí ìlú Stuttgart po. Òkú ọba kò gba inú rẹ̀ kọjá.

Ìjọ tí ìdílé náà fi sílẹ̀ dojú kọ àsíá tí ó burú ju gbogbo wọn lọ lẹ́yìn 1933. Bíṣọ́ọ̀bù Theophil Wurm, olórí Ìjọ Württemberg, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kí Hitler káàbọ̀, a kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba fẹ́ gba Ìjọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1934, wọ́n há a mọ́lé, àwọn ọmọ ìjọ sì ń kórin níwájú ilé rẹ̀ títí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ní 1940, nílé ọdẹ àwọn Díúkù àtijọ́ tí ń jẹ́ Grafeneck, ìjọba fi èéfín olóró pa àwọn aláìsàn ọpọlọ àti abirùn tí ó lé ní 10,000. Ní oṣù keje ọdún náà Wurm kọ̀wé sí mínísítà ọ̀ràn abẹ́lé láti tako ìpànìyàn yìí. Ìwé kan ṣoṣo lòdì sí ìjọba tí ó ní ìbọn: ọmọ ilẹ̀ Moser ni lóòótọ́.

Lẹ́yìn ogun, wọ́n da Württemberg, Baden àti Hohenzollern pọ̀ ní ọdún 1952 sí ìpínlẹ̀ kan, Baden-Württemberg. Kìnnìún dúdú mẹ́ta lórí wúrà ni ó wà lára asà rẹ̀, àgbọ̀nrín wúrà kan sì ń gbé asà náà ró ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwo mẹ́ta ti Konrad wà lókè, nínú ọ̀kan lára àwọn asà kéékèèké mẹ́fà tí ó dúró bí adé. Dúdú àti wúrà ni àsíá rẹ̀. Pupa ti Wilhelm Kìíní kò sí níbẹ̀ mọ́.